Lẹ́tà L Lórí Ìwé Èsì Mi: Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Wọ́n Fi Wọn Tèmi?

  Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi nínú Micra, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Challenge, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, mo kí ẹ̀yin náà. Ìtàn ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má sá o, kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí àdá. Abẹ́rẹ́ kékeré kan ló wà níbẹ̀, àti ìwé pélébé kan.

Òkè-Àdó níbí ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní láàbù kékeré kan lẹ́bàá títì. Ilé-iṣẹ́ kan ti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti ní èmi ni àwọn fẹ́. Ó ku nǹkan kan ṣoṣo: kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Àǹtí tó wà ní láàbù fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní kí n padà wá ní aago mẹ́rin. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n na ìwé sí mi. Níwájú WBC, wọ́n kọ 3.1. Níwájú 3.1 yẹn, lẹ́tà kan dúró síbẹ̀, ó dúdú kirikiri: L.

"Àǹtí, kí ni L yìí?"

"Ó kéré ni. Ẹ lọ fi han dókítà."

"Ṣé ó burú ni?"

"Mo ní kí ẹ fi han dókítà."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo sì ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe. Mo bi Google. Kí n tó rìn délé, mo ti ní oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta.

Màmá mi ò bi Google ní tiwọn. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ ò sí lára ẹ. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àìsùn ìdí kọ̀ǹpútà yẹn ò dáa." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbo ewé ugu, wọ́n da mílíìkì sí i, wọ́n da malt lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi mu ún. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: PCV mi, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe pọ̀ tó, 42 ló wà, kò sí L kankan níwájú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí màmá mi ń wá kiri kò sọnù rárá.

Ilé-iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Wọ́n ní kí n lọ tọ́jú ara mi ná. Nígbà tí mo fi máa rí dókítà, wọ́n ti fi ẹlòmíì sí ipò náà.

Dókítà tí mo rí, obìnrin àgbà ni. Wọn ò tilẹ̀ wo ìwé náà pẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé o ní èsì àtijọ́ nílé?" Mo lọ tú àpótí. Mo rí èyí tí mo ṣe nígbà tí mo wọ yunifásítì: 3.3. Mo rí èyí tí mo ṣe kí n tó lọ sí ibùdó NYSC: 3.0. Mo kó wọn padà lọ. Dókítà tò wọ́n sórí tábìlì bí káàdì wọ́ọ̀tì, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí ìwọ ṣe rí nìyí. Kò sí ohun tó ń ṣe ọ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tó gbé mi dé ìdí ètò tòní: "Ṣé o mọ àwọn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe gbèdéke yìí?"

Mi ò mọ̀. Mo wá lọ wá a.

Àwọn tó kọ́kọ́ kà á

Ẹnì kan ló kọ́kọ́ jókòó ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Karl Vierordt ni, dókítà ará Jámánì, lọ́dún 1852. Ó tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ẹ̀wà inú kóńgò. Ní nǹkan bí ọdún 1880, ará Jámánì mìíràn, Paul Ehrlich, bẹ̀rẹ̀ sí í fi aró kun ẹ̀jẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí aró ṣe mú wọn lo ṣe pín àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun sí ẹ̀yà ẹ̀yà. Ibẹ̀ ni orúkọ neutrophil ti wá, ẹ̀yà tó sábà máa ń pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì funfun, tó sì ń tètè sáré pàdé kòkòrò àrùn. Nígbà tó di 1953, Wallace Coulter, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì máa kọjá nínú ihò tóóró lọ́kọ̀ọ̀kan, tí iná mànàmáná sì ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá. Iṣẹ́ tó ń gba ojú àti àkókò di iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ láàbù ayé, títí dé àwọn tó wà ládùúgbò wa, ọgbọ́n Coulter yẹn ni ẹ̀rọ wọn ṣì ń lò.

Ṣùgbọ́n kíkà lọ̀tọ̀, ìdájọ́ lọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ lè sọ pé 3,100 sẹ́ẹ̀lì funfun ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi tó tó orí píìnì. Ta ló sọ pé 3,100 kéré?

Ta ni "gbogbo èèyàn"?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á kó àwọn tí ara wọn le jọ, ó kéré tán bí ọgọ́fà. Wọ́n á ka ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, wọ́n á tò ó láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n á gé díẹ̀ kúrò lókè, díẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á fi márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ láàárín. Àárín yẹn ni gbèdéke tí ẹ ń rí lórí ìwé yín.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ara wọn le koko, márùn-ún á bọ́ síta gbèdéke, láìṣàìsàn kankan. Ìka ò dọ́gba. Bí wọ́n bá sì ṣe àyẹ̀wò ogún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹnì kan tí kò ní àrùn, tí ọ̀kan kò sì so mọ́ ìkejì, bí 64 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìṣeéṣe pé ó kéré tán ọ̀kan á jáde pẹ̀lú L tàbí H. Nítorí ìdí yìí ni Ralph Gräsbeck àti ẹnìkejì rẹ̀ Saris, ní Finland, fi dábàá lọ́dún 1969 pé kí wọ́n yé pe àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ní "iye tó dáa". Wọ́n ní kí wọ́n máa pè é ní iye tí a fi ń ṣe àfiwé. Àfiwé ni, kì í ṣe òfin.

Ìbéèrè dókítà wá wọlé níbí. Bó bá jẹ́ àfiwé ni, ta ni wọ́n fi ń wé mi? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, nọ́ọ̀sì, ọmọ ogun àti àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń kà. Nọ́ńbà wọn ló wọ inú ìwé ìṣègùn, inú ìwé ló ti wọ inú ẹ̀rọ, inú ẹ̀rọ ló sì ti bọ́ sórí ìwé mi ní Òkè-Àdó. Bí téélọ̀ bá fi ìwọ̀n ẹlòmíì rán aṣọ fún ẹ, tí apá ò wọ̀, ṣé apá rẹ ló ní ẹ̀bi?

Ìbàdàn fèsì

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò ṣàkíyèsí. Lọ́dún 1941, ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Forbes, Johnson àti Consolazio, kọ ọ́ sílẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì funfun àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kan kéré sí ti àwọn aláwọ̀ funfun. Lọ́dún 1971, Shaper àti Lewis kọ̀wé nínú Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn ìlú London, pé àbùdá àjogúnbá ni fún àwọn tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, G. C. Ezeilo fèsì nínú ìwé ìròyìn kan náà pé kì í ṣe àjogúnbá. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ká gba Mọ́kọ́lá kọjá lọ sí UCH. University College, Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948. Kí wọ́n tó ní ilé ìwòsàn tiwọn, Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Oṣù kọkànlá ọdún 1957 ni wọ́n ṣí UCH. Kò pẹ́ tí ibẹ̀ fi di ọ̀kan lára àwọn ibi tí gbogbo ayé ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀.

Lọ́dún 1964, ọ̀dọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Lucio Luzzatto dé láti Ítálì. Ọdún mẹ́wàá ló lò ní Ìbàdàn. Òun pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Usanga àti Reddy, wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ obìnrin tí ibà ń ṣe. Irú ẹ̀jẹ̀ kan wà tí oríṣi sẹ́ẹ̀lì pupa méjì ń gbé pọ̀ nínú rẹ̀: èyí tó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD, àti èyí tí kò ní in. Wọ́n rí i pé inú àwọn tó ní in ni kòkòrò ibà pọ̀ sí jù. Àwọn tí kò ní in ń rí ààbò. Inú Science, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lọ́dún 1969. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Luzzatto, Nwachuku-Jarrett àti Reddy tún ṣàlàyé pé bí kòkòrò ibà bá wọ sẹ́ẹ̀lì ẹni tó jẹ́ AS, sẹ́ẹ̀lì náà máa ń tètè ká bí dòjé, ara á sì lè tètè gbá a dànù. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ AS, ìyẹn bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà, ọ̀kan lára ìdí tí àwọn ìran tó bí yín fi la ibà já nìyẹn.

Nígbà tó di 1973, E. M. Essien, Usanga àti Ayeni ní Ìbàdàn ṣe ohun tó kàn mí gan-an. Wọ́n ka platelet, ìyẹn wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ dì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ara wọn le ni wọ́n kà, wọ́n sì rí i pé iye tiwọn kéré sí èyí tó wà nínú ìwé àwọn ará Yúróòpù. Wọn ò ní kí èèyàn wa lọ gba ìtọ́jú. Wọ́n ní bí tiwa ṣe rí nìyí. Ohun tí dókítà mi sọ fún mi lórí tábìlì yẹn, ó ti wà nínú ìwé ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí màmá mi.

Ọ̀gbẹ́ni Duffy

Àríyànjiyàn lórí sẹ́ẹ̀lì funfun ńkọ́? Ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò ni ìdáhùn gbà wá. Lọ́dún 1950, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n sì fi orúkọ aláìsàn tí wọ́n ti rí i sọ ọ́: Duffy. Àmì yìí wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa ọ̀pọ̀ èèyàn Yúróòpù. Lára tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1976, Louis Miller àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀yà ibà kan, vivax, ń gbà wọlé ni àmì náà. Àwọn baba ńlá wa ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé falciparum, ẹ̀yà ibà mìíràn, ló ń bá wa fínra jù.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí Ìbàdàn tún ti jáde. Lọ́dún 2002, àwọn orílẹ̀-èdè kan dawọ́ jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ HapMap, láti ya àwòrán bí àbùdá ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra. 270 èèyàn ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn: láti Tokyo, láti Beijing, láti Utah ní Amẹ́ríkà, àti láti Ìbàdàn. Àádọ́rùn-ún Yorùbá, baba, ìyá àti ọmọ, ọgbọ̀n ìdílé. Títí dòní, níbikíbi tí onímọ̀ bá ti ń ka àbùdá, ó mọ YRI. Yorùbá, Ìbàdàn ni. Nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àbùdá tó ti ilẹ̀kùn Duffy pa fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lára gbogbo wọn pátá.

Lọ́dún 2008 àti 2009, àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà so okùn méjèèjì pọ̀. Àbùdá kan náà tó ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ibà vivax, òun ló ń mú kí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ kéré. Kì í ṣe pé ara ò ní ọmọ ogun. Iye tó ń rìn kiri lójú pópó lásìkò tí abẹ́rẹ́ wọlé ló kéré. Àwọn tó ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí kì í tìtorí rẹ̀ ṣàìsàn ju àwọn yòókù lọ.

Àní, lẹ́tà L iwájú 3.1 mi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àpá ogun tí àwọn baba ńlá wa jà, tí wọ́n sì ṣẹ́.

Ohun tí nọ́ńbà lè gbà lọ́wọ́ èèyàn

Ẹnì kan á ní, "Iṣẹ́ kan lo pàdánù, wá òmíràn." Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan pàdánù ju iṣẹ́ lọ. Àwọn tó ní jẹjẹrẹ, tí wọ́n dá oògùn wọn dúró tàbí tí wọ́n dín in kù nítorí pé sẹ́ẹ̀lì funfun wọn kéré, tó sì jẹ́ pé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àwọn tí orí wọn dàrú, tí clozapine ì bá ràn lọ́wọ́, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó láti gba oògùn náà. Ọdún 2015 ni àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà tó yí ìlànà padà pé kí wọ́n lo gbèdéke tó kéré fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Àní orúkọ tí wọ́n ń pe bí ara wa ṣe rí tẹ́lẹ̀, orúkọ àìsàn tó jẹ mọ́ ẹ̀yà ni. Ẹnikẹ́ni ò pe ti àwọn ará Yúróòpù tó pọ̀ ju tiwa lọ ní àìsàn ẹ̀yà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Duffy pè é, kó má bàa dún bí àrùn.

Bí ẹ bá gba ìwé tiyín

Ẹ má gbọ́ mi lódì o. Mi ò sọ pé L kì í ṣe nǹkan. Ibà, àwọn oògùn kan, HIV àti àrùn inú mùdùnmúdùn eegun lè mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Bí 3.1 bá dé pẹ̀lú ibà tí kò lọ, egbò ẹnu, tàbí kí ara máa rù, ẹ tètè lọ rí dókítà. Bó bá jẹ́ pé 7 ni tẹ́lẹ̀ tó wá di 3, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ìyípadà ló ń sọ̀rọ̀ ju nọ́ńbà lọ.

Ẹ mọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ. PCV ń sọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa. Òun ló kan ugu àti oògùn ẹ̀jẹ̀. Fún aboyún, bó bá kéré sí 33, kí wọ́n tètè tọ́jú rẹ̀. WBC ń sọ ti àwọn ọmọ ogun ara. Malt ò lè fi kún un, ẹ bá mi sọ fún màmá mi. Platelet ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe lè dì. Bó bá fi díẹ̀ kéré sí 150 lára ẹni tí kò ní ìṣòro, ẹ rántí Essien. Genotype kì í yí padà. Bí ìwé méjì bá ta kora wọn, ó ṣeé ṣe kí láàbù kan ti ṣàṣìṣe. Ẹ tún un ṣe níbòmíràn kí ẹ tó fi í yan ẹni tí ẹ máa fẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má ju èsì yín nù. Ẹ ya á ní fọ́tò, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí mo bá ti ní ìwé mẹ́ta yẹn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ yẹn pè mí, ó ṣeé ṣe kí n ní ohun tí màá fi hàn wọ́n. Àfiwé tó dára jù fún ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ mi àtẹ̀yìnwá ni.

Mo ti ríṣẹ́ o, kí ẹ má bàa máa káàánú mi. Iṣẹ́ náà ni ẹ ń gbọ́ yìí. Lóṣù tó kọjá mo tún ṣe àyẹ̀wò, ní láàbù kan náà, lọ́dọ̀ àǹtí kan náà. 3.2. L. Àǹtí na ìwé sí mi, wọ́n ní kí n lọ fi han dókítà. Mo ní ẹ ṣeun, mà. Mo yà á ní fọ́tò, mo kọ ọjọ́ sí i, mo rọra ń lọ sílé. Ugu wà lórí iná nígbà tí mo dé, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹ̀gúsí ni. Mo jẹ ẹ́ tán.